Adágún Ẹja Ẹ̀yìnkùlé: Bí Ọmọ Ẹja Kò Ṣe Ní Pọ̀ Ju Agbára Omi Lọ

Bí ènìyàn bá gbẹ́ adágún ẹja sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ọjọ́ tí inú rẹ̀ máa ń dùn jù ni ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ rí ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń wọ́ tẹ̀lé ara wọn létí omi. Yóò pe ìyàwó, yóò pe ọmọ, yóò pe aládùúgbò wá wò ó. Lójú rẹ̀, owó ni ó ń lúwẹ̀ẹ́ yẹn: ẹja 200 tí ó rà ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kò sì san kọ́bọ̀ kún owó tí ó ti san.

Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù 8 tàbí 9 bá kọjá, tí wọ́n bá fa omi náà gbẹ, ohun tí ó máa ń wà nínú ẹrẹ̀ ni ẹja tí kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ, tí egungun rẹ̀ sì pọ̀ ju ẹran ara rẹ̀ lọ. Ẹlẹ́ja tí ó ti gbé ọpọ́n rẹ̀ wá láti àárọ̀ yóò wo inú agbọ̀n, yóò mi orí, yóò sì gbé ọpọ́n òfìfo padà sórí. Owó ilé ẹ̀kọ́ tí bàbá ti fi ọkàn sí pé inú adágún ni yóò ti jáde kò jáde mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ adágún ti máa ń di ibi tí ewéko ń hù sí, tí ẹni tí ó gbẹ́ ẹ yóò sì máa sọ fún gbogbo ayé pé ọ̀sìn ẹja kò lérè.

Kì í ṣe ọwọ́ ayé ni ó fa irú òfò bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe pé omi náà burú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ju èyí tí àwọn àgbà ti fi òwe pa lọ, pé ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ. Ẹja pọ̀ ju ohun tí omi lè bọ́ lọ.

OMI NÍ ÌWỌ̀N TIRẸ̀

Kò sí àgbẹ̀ tí yóò ju ẹyọ àgbàdo 10 sínú ihò kan kí ó sì máa retí òmùdàgbà nínú gbogbo wọn. Ó mọ̀ pé ilẹ̀ tí ó tó fún 2 tàbí 3 ni wọn yóò jùmọ̀ máa jà sí. Bí ilẹ̀ ti rí náà ni omi rí. Adágún kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ẹja tí ó lè bọ́, ìwọ̀n yìí sì dúró lórí bí omi náà ti fẹ̀ tó, oúnjẹ tí ó ń hù nínú rẹ̀, oúnjẹ tí wọ́n ń dà sí i, àti afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi.

Àpẹẹrẹ kan yóò mú ọ̀rọ̀ náà yéni. Bí adágún kan bá gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 10, ká sọ pé oúnjẹ tí ó wà nínú rẹ̀ lè mú kílò 40 ẹja jáde ní ìgbà ìkórè kan. Bí ó bá jẹ́ ẹja 200 ni ó jẹ oúnjẹ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò wọn gíráàmù 200, èyí tí ó tó gbé sórí àwo fún àlejò. Bí ó bá jẹ́ ẹja 4,000 ni ó pín in, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ní ju gíráàmù 10 lọ. Kílò 40 náà ni ó jáde nínú omi lẹ́ẹ̀mejèèjì, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ni ọjà yóò rà. Nítorí náà, iṣẹ́ ẹni tí ó ń sin ẹja kì í ṣe láti mú kí ẹja pọ̀, bí kò ṣe láti mọ iye tí ó yẹ kí ó pín oúnjẹ omi náà, kí ó sì rí i pé iye náà kò lé.

BÍ Ẹ̀PÌYÀ ṢE Ń BÍ SÍ I

Ẹja tí ó máa ń kún adágún ju gbogbo ẹja lọ ni ẹ̀pìyà. Ìdí rẹ̀ ni pé ìyá rere ni. Nínú irú ẹ̀pìyà tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn olùsìn ẹja, akọ a máa gbẹ́ ihò róbótó bí àwo sí ìsàlẹ̀ omi. Abo a yé ẹyin sínú rẹ̀, akọ a da àtọ̀ lé e lórí, abo a sì kó gbogbo ẹyin náà sí ẹnu. Inú ẹnu rẹ̀ ni wọn yóò ti pa, ibẹ̀ ni wọn yóò sì wà fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, títí wọn yóò fi lè lúwẹ̀ẹ́ fúnra wọn. Ní gbogbo àkókò yìí, ìyá kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹun. Lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde pàápàá, bí ewu bá dé, yóò la ẹnu, gbogbo wọn yóò sì sá padà wọlé.

Ọ̀pọ̀ ẹja mìíràn a máa yé ẹyin lọ́pọ̀ yanturu, wọn a sì fi í sílẹ̀ fún ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ti ẹ̀pìyà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n nítorí ìtọ́jú ìyá, púpọ̀ nínú wọn ni ó ń yè. Nínú omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi ti ilẹ̀ Yorùbá, abo kan lè tún yé ẹyin láàrin ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Èyí tí ó burú jù fún olùsìn ẹja ni pé ẹ̀pìyà kì í dúró kí ó tóbi kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Nínú adágún, láti oṣù 3 sí 6 ni ó ti ń yé ẹyin, nígbà tí ẹni tí ó ni ín ṣì ń pè é ní ọmọ. Bí ààyè bá sì ti há mọ́ ọn tó ni yóò máa bímọ ní kékeré tó. Ẹja ràrá a sì máa bí ọmọ tí ebi yóò tún sọ di ràrá.

Bí ó bá jẹ́ pé 100 ni abo nínú ẹja 200 tí ó wà nínú adágún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tọ́ ọmọ 100 péré yè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọmọ 10,000 ni ó ti dé ìdí oúnjẹ tí wọ́n pèsè fún 200. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: bí olúwarẹ̀ bá fi máa fura, oúnjẹ ti tán.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ILẸ̀ MÌÍRÀN

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni wàhálà yìí ti ṣẹlẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, ní erékùṣù Java ní ilẹ̀ Indonesia, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Mujair rí irú ẹ̀pìyà kan tí ìran rẹ̀ wá láti ìlà-oòrùn gúúsù ilẹ̀ Áfríkà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín. Títí di òní, orúkọ ọkùnrin náà ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń pe ẹja náà. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì tí ó parí ní 1945, ẹja yìí tàn ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Éṣíà, nítorí ó rọrùn láti sìn. Kò pẹ́ tí adágún fi kún fún ẹja kéékèèké tí kò ṣe é tà, tí inú àwọn ènìyàn sì bàjẹ́ sí i.

Wàhálà yìí ni ó mú kí àwọn onímọ̀ wá ọ̀nà tí adágún yóò fi ní akọ nìkan. Ní 1960, C. F. Hickling, tí ó ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí ọ̀sìn ẹja tí ó wà ní Malacca ní ilẹ̀ Malaya, ròyìn pé nígbà tí wọ́n mú abo irú ẹ̀pìyà kan pọ̀ mọ́ akọ irú mìíràn, akọ ni gbogbo ọmọ tí wọ́n bí. Láti ìgbà náà ni ọgbọ́n yìí ti ń gbòòrò. Lónìí, àwọn ibùdó tí ó mọ iṣẹ́ náà a máa ta ọmọ ẹ̀pìyà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ akọ tán. Ẹni tí ó bá rí irú rẹ̀ rà ní ibi tí ó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé ti bọ́ lọ́wọ́ ìdajì wàhálà. Ẹni tí kò bá rí i rà, ọ̀nà mẹ́rin wà tí ó lè tọ̀.

Ọ̀NÀ KÌÍNÍ: ṢÍṢA AKỌ LỌ́TỌ̀

Nígbà tí ẹ̀pìyà bá ti gùn tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, akọ yàtọ̀ sí abo lójú ẹni tí ó bá fara balẹ̀. Kí wọ́n fi omi tu ọwọ́, kí wọ́n mú ẹja náà, kí wọ́n sì dojú ikùn rẹ̀ sókè. Akọ ní ihò 2 lábẹ́ ikùn: ọ̀kan fún ìgbẹ́, èkejì ní orí ẹran kékeré kan tí ó yọ síta, tí ìtọ̀ àti àtọ̀ ń gbà. Abo ní 3, nítorí pé ó ní ihò tí ó dá dúró fún ẹyin. Bí ojú kò bá rí i dáadáa, yíǹkì díẹ̀ tí wọ́n bá fi pa ibẹ̀ yóò mú un hàn. Kí wọ́n dá akọ padà sínú adágún, kí wọ́n sì kó abo lọ sínú ìkòkò ọbẹ̀. Akọ ni ó sì máa ń yára tóbi, nítorí pé abo ń fi oúnjẹ rẹ̀ ṣe ẹyin, ó sì ń gbààwẹ̀ nítorí ọmọ. Ọ̀nà yìí ń fẹ́ sùúrù, nítorí abo díẹ̀ tí ojú bá fò dá tó láti ba iṣẹ́ gbogbo jẹ́.

Ọ̀NÀ KEJÌ: FÍFI ÀRỌ̀ ṢE ỌLỌ́PÀÁ

Àrọ̀ a máa jẹ ọmọ ẹja. Bí àrọ̀ bá wà láàrin ẹ̀pìyà, òun ni yóò máa dín ọmọ kù, yóò sì tún sọ wọ́n di ẹran ara tirẹ̀, èyí tí ó níye lórí lọ́jà. Àrọ̀ 1 sí ẹ̀pìyà 10 jẹ́ ìwọ̀n tí ó dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Adágún tí ó ní ẹ̀pìyà 200 yóò gba àrọ̀ 20. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀pìyà kọ́kọ́ wọ omi, kí àrọ̀ tí ó kéré sí wọn sì tẹ̀ lé wọn. Ẹja ńlá ní í gbé kékeré mì: bí àrọ̀ bá ti tóbi jù nígbà tí ó wọlé, kì í ṣe ọmọ nìkan ni yóò jẹ, yóò jẹ òbí mọ́ ọmọ.

Ọ̀NÀ KẸTA: KÍKÓ ỌMỌ KÚRÒ

Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí wọ́n fi àwọ̀n olójú kéékèèké wọ́ etí omi ní òwúrọ̀, nítorí etí omi tí kò jìn ni àwọn ọmọ máa ń kó ara wọn jọ sí. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í ṣe ohun ìsọnù. Wọ́n ṣe é fún adìyẹ àti pẹ́pẹ́yẹ jẹ, wọ́n ṣe é fún àrọ̀ nínú adágún mìíràn jẹ, èyí tí ó bá sì tóbi díẹ̀ ṣe é sá gbẹ fún ọbẹ̀. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni àánú. Ó máa ń ṣe ẹni tí ó fi owó ra ẹja bí ẹni pé ọrọ̀ rẹ̀ ni ó ń kó dànù. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó fa àgbàdo tí ó dí ara wọn tu ti ń ṣe oko rẹ̀ lóore, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tí ó kó ọmọ ẹja kúrò.

Ọ̀NÀ KẸRIN: KÍKÓRÈ TÁN PÁTÁPÁTÁ

Kò yẹ kí wọ́n máa yọ ńlá, kí wọ́n máa fi kékeré sílẹ̀ lọ́dọọdún. Ní ìparí oṣù 5 tàbí 6, kí wọ́n fa omi tán, kí wọ́n kó gbogbo ẹja, kí wọ́n sì jẹ́ kí oòrùn pa ìsàlẹ̀ adágún títí ẹrẹ̀ yóò fi sán. Ọmọ ẹja a máa fara pamọ́ sínú omi tí kò ju ẹ̀kún abọ́ lọ, àrọ̀ a sì máa wọ inú ẹrẹ̀. Èyí tí ó bá yè níbẹ̀ ni yóò di àgbà fún àwọn ọmọ tuntun tí wọ́n bá rà, tí gbogbo wàhálà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Bákan náà, bí ó bá jẹ́ omi odò ni ó ń wọ adágún, kí wọ́n fi àwọ̀n olójú kéékèèké dí ẹnu ibi tí ó ń gbà wọlé, nítorí ẹja igbó a máa bá omi wọlé láìkan ìlẹ̀kùn.

ÀRỌ̀ NÍ ÌWÀ TIRẸ̀

Ẹni tí ó bá ń sin àrọ̀ nìkan kò ní irú wàhálà ẹ̀pìyà yẹn, ṣùgbọ́n ó ní òdìkejì rẹ̀. Nínú odò, ìgbà òjò ni àrọ̀ ń yé ẹyin, nígbà tí omi bá kún bo koríko etí odò. Nínú adágún ẹ̀yìnkùlé, kì í sábàá yé. Nítorí náà ni àwọn tí ń pa ọmọ àrọ̀ fi máa ń gún abo ní abẹ́rẹ́, tí wọ́n ń tẹ ẹyin jáde ní ikùn rẹ̀, tí wọ́n sì ń po àtọ̀ akọ mọ́ ọn. Láàrin nǹkan bí ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan àbọ̀, ẹyin náà yóò pa.

Àwọn ọmọ tí wọ́n pa lọ́jọ́ kan náà kì í dàgbà bákan náà. Àwọn kan yóò yára ju ẹgbẹ́ wọn lọ, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àbúrò wọn mì. Ẹja 500 lè wọ omi, kí ó má sì ku ààbọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ ìkórè, láìrí òkú ẹja kan lójú omi. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń di ìjà. Wọn a ní ọmọ aládùúgbò ni ó ń wá fi ìwọ̀ kó o lóru, tàbí pé ẹbí kan ni ó mọ̀ nípa rẹ̀. Kí onílé tó pe ẹnikẹ́ni ní olè, kí ó kọ́kọ́ wo ikùn àrọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó ń dènà èyí ni kí wọ́n máa ṣa wọ́n ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì nígbà tí wọ́n ṣì kéré, kí ńlá wà pẹ̀lú ńlá, kí kékeré wà pẹ̀lú kékeré, kí ebi má sì pa èyíkéyìí nínú wọn.

ÌWÉ KÍKỌ ÀTI OJÚ OMI

Ẹni tí kò mọ iye tí ó kó sínú omi kò lè mọ iye tí ó sọnù. Kí ìwé kékeré kan wà nínú ilé, kí ọmọ tí ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ máa kọ ọ́: ọjọ́ tí ẹja wọ omi, iye wọn, oúnjẹ tí wọ́n jẹ, àti iye tí ó kú. Lóṣooṣù, kí wọ́n mú ẹja 10, kí wọ́n wọ̀n wọ́n pa pọ̀, kí wọ́n sì dá wọn padà. Bí 10 bá wọn gíráàmù 500 lóṣù yìí, tí wọ́n sì wọn 900 lóṣù tí ó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ ń lọ. Bí oṣù mìíràn bá dé tí wọ́n ṣì wà lórí 900, yálà oúnjẹ kò tó ni, tàbí ẹnu tí ń jẹ ẹ́ ti pọ̀ jù. Kí wọ́n fi àwọ̀n wọ́ etí omi kí wọ́n tó ra oúnjẹ kún oúnjẹ.

Ojú omi náà a máa sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀pìyà bá ń yọ ẹnu sókè ní àfẹ̀mọ́júmọ́ bí ẹni tí ń mí hẹlẹ, afẹ́fẹ́ ti dín kù nínú omi. Kí wọ́n dá oúnjẹ àti ìgbẹ́ adìyẹ dúró, kí wọ́n sì da omi tútù sí i. Ti àrọ̀ yàtọ̀, nítorí àṣà rẹ̀ ni láti máa gòkè wá mí, bí omi bá tilẹ̀ dára. Omi tí ó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé dára, nítorí oúnjẹ ni ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, tí kò sì rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ mọ́ kí omi tó dé ìgúnpá, ó ti ki jù.

Ẹni tí ó ní oko kòkó gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí ó má ṣe fọ ohun èlò ìfọ́n oògùn kòkòrò sí itòsí adágún, nítorí díẹ̀ nínú rẹ̀ lè pa gbogbo ẹja. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ọgbà tí ó ní ìlẹ̀kùn yí adágún náà ká. Ọmọ ènìyàn ṣe iyebíye ju ọmọ ẹja lọ, omi tí kò sì ju ìdodo àgbàlagbà lọ lè gbé ọmọdé lọ ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ìkórè bá dé lọ́dọ̀ ẹni tí ó tẹ̀ lé ọ̀nà wọ̀nyí, àwọn tí ó wá wòran lè ní ẹja rẹ̀ kò pọ̀ tó ti aládùúgbò. Kí ó má dá wọn lóhùn. Ẹlẹ́ja tí ó gbé ọpọ́n dé ni yóò bá a dáhùn, nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹja sínú rẹ̀, tí ó sì ń bèèrè iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́.